Orúkọ Ìyá Tó Gbẹ̀bí fún Fèyíkẹ́

Àṣà ìwé ìròyìn wa ni láti yí orúkọ ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wá bá wa padà, kí ojú má baà tì í láàárín ẹbí àti ará. Nígbà tí mo sọ èyí fún Fèyíkẹ́, ó ní rárá. Ó ní kí n kọ Fèyíkẹ́ síbẹ̀ gbangba, kí ẹni tó bá mọ òun mọ̀ pé òun ni.

Mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, ẹ kò ní í rí orúkọ tirẹ̀ níbí. Ìyá Micah la ó máa pè é, bẹ́ẹ̀ ni Micah kọ́ lọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì ń wá orúkọ ìyá náà kiri, a jẹ́ pé etí ikún lẹ kọ sí mi.

Yàrá kan ní Turffontein ni Fèyíkẹ́ àti Láolú ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé nígbà tí wọ́n dé Johannesburg. Fèyíkẹ́ lóyún, pámíìtì tí wọ́n máa fi gbé ìlú náà kò sì tíì jáde. Lọ́jọ́ tó ń rọbí, àwọn kan tó máa ń dúró sẹ́nu géètì kílíníìkì, tí wọ́n ń béèrè ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ aláboyún, dá a padà. Wọ́n ní kó lọ bímọ sílùú baba rẹ̀. Ìyá Micah ló gbẹ̀bí fún un, nínú yàrá tirẹ̀ nítòsí pápá eré ẹṣin, ó sì gba Ọ̀rẹ́olúwa jáde láìsí wàhálà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyá yìí ní Iléṣà kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì wá bá ọmọ rẹ̀. Ní South Africa, kò ní àṣẹ láti gbẹ̀bí fún ẹnikẹ́ni. Bí ìjọba bá gbọ́, àtìmọ́lé ni, lẹ́yìn náà kí wọ́n dá a padà sílé. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n bá lé kúrò lẹ́nu kílíníìkì, ibo ni kó gbà? Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ń sá lọ, ará Nàìjíríà, ará Zimbabwe, ará Malawi.

Ohun tó bò ó láṣìírí kò ju àṣà wa lọ. Ta ló ń pe àgbà lórúkọ láàárín wa? Ìyá Micah ni gbogbo ayé mọ̀. Bí ọlọ́pàá bá béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ̀bí fún gan-an, wọn á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, wọn kò sì purọ́. Fèyíkẹ́ wà lára ìwọ̀nba ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Ọ̀rẹ́olúwa, inú ìyá dùn débi pé ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì fi oríkì tì í.

Ọdún gorí ọdún. Láolú rí iṣẹ́ ìṣirò owó ní Fourways, wọ́n kó lọ sí ẹ́sítéètì kan ní Midrand. Fèyíkẹ́ ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan níbẹ̀, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan láàárín ìlú. Ohun tó ń wádìí ni bí àwọn obìnrin àlejò ṣe ń bímọ nígbà tí kílíníìkì bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ.

Ìyá Micah kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Fèyíkẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó búra fún un pé orúkọ rẹ̀ kò ní í jáde. Ló bá tú ikùn rẹ̀ sílẹ̀: bó ṣe ń yí ọmọ tó bá dábùú padà, bó ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ pọ̀ jù, obìnrin tí ó ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí àti bí òun ṣe sunkún. Ojúlówó ìmọ̀ ni. Odindi orí kan nínú ìwé náà, ẹnu ìyá yìí ló ti jáde.

Nígbà tí wọ́n ń parí rẹ̀, ìyá rẹ́rìn-ín. Fóònù tí Fèyíkẹ́ fi ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì kú.

"Ijọ́ tí mo bá kú, kí o kọ orúkọ mi síbẹ̀," ló wí. "Kí wọ́n mọ̀ pé mo ṣe nǹkan láyé."

Fèyíkẹ́ ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á tètè gbọ́ ikú wọn. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kọ́mà àti àkámọ́ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹ farabalẹ̀ gbọ́ ọ, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ tọ́ka sí ohun tí ẹnìkan sọ fún un, nọ́ńbà kékeré ni yóò fi sí i, yóò sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pé agbẹ̀bí kan ló sọ ọ́. Ó tán. Lójijì, ẹ̀ka tí Fèyíkẹ́ wà yí ìlànà ìtọ́kasí wọn padà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù tí àwọn tó kọ̀wé ti ń ní orúkọ nínú iṣẹ́ ìwádìí, tí àwọn tó fẹnu sọ ìmọ̀ tiwọn sì ń jẹ́ "ẹnìkan". Láti ìgbà náà lọ, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ibi tó ti sọ ọ́ àti ọdún tó sọ ọ́ gbọ́dọ̀ hàn, gẹ́gẹ́ bí ti òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ pamọ́, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo irú wọn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin tó dára ni, mi ò ní í purọ́. Ibi tí Fèyíkẹ́ ti kó sí i ni pé nígbà tó ń gba àṣẹ níjọ́sí, ó ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ fi orúkọ pamọ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ rí àṣẹ gbà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ ọgbọ́n yẹn. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, irọ́ náà kò pa eṣinṣin.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mokoena, obìnrin tó ń mójú tó iṣẹ́ rẹ̀, là á yé e. Ó lè padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò ní í bá àwọn tó ń gboyè lọ́dún yẹn gboyè. Ó lè yọ orí ìwé náà kúrò, ṣùgbọ́n kí ló kù nínú ìwé ọ̀hún bí a bá yọ ọ́? Tàbí kó mú ẹ̀rí wá pé ìyá gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun.

Bẹ́ẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Midrand ti sọ pé ẹni tó bá gboyè kí ọdún tó parí ni àwọn máa gbà síṣẹ́ pátápátá. Pámíìtì Fèyíkẹ́ sì rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà.

Ó ronú. Ó ní ọkàn òun ń bá òun sọ̀rọ̀ dídùn. Ṣé ohun tó dára ni kí wọ́n máa pe ìyá tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ là ní "agbẹ̀bí kan"? Ṣé wọ́n bí i láìlórúkọ ni? Àti pé ta tilẹ̀ ni yóò kà á? Ìwé ọ̀mọ̀wé tí àwọn tó kọ ọ́ gan-an kì í kà tán.

Bí èèyàn bá fẹ́ ṣe ibi, kì í pè é ní ibi. Ọlá ni Fèyíkẹ́ pè é.

Ó gbé fóònù lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Mokoena, ó sì tẹ ohùn náà. Ohùn ìyá jáde: "Ijọ́ tí mo bá kú, kí o kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé mo ṣe nǹkan láyé." Ẹ̀rín tẹ̀lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò gbọ́ Yorùbá, bá ohùn náà rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tí màmá sọ.

"Wọ́n ní kí n kọ orúkọ wọn síbẹ̀," ni Fèyíkẹ́ wí, "kí àwọn èèyàn mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan láyé."

Ṣé ẹ rí i? Kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Orí gbólóhùn náà ló gé sọnù, ó sì gbé ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní orí òun wú. Ó ní irú èyí gan-an ni àwọn ṣe yí ìlànà padà fún.

Láolú bi í léèrè nínú mọ́tò, níbi tí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, ti dá wọn dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ń kọ òun lóminú.

"Ṣé o ti bi Màmá fúnra wọn?"

"Mo ti bi wọ́n," ni Fèyíkẹ́ fèsì. "Inú wọn dùn sí i."

Róbọ́ọ̀tì tan iná ewé, Láolú sì wa mọ́tò lọ. Ó gba ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Kí ni kò ní í gbà gbọ́ sí?

Kí ẹ má baà rò pé kò lẹ́rìí-ọkàn, ó gbéra ní Sátidé kan, ó mú Ọ̀rẹ́olúwa dání, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Milo, ó lọ sí Turffontein láti lọ bi ìyá nítòótọ́. Ó bá a níbi tó ti ń wẹ ọmọ tuntun fún obìnrin ará Malawi kan. Ìyá kí Ọ̀rẹ́olúwa ní èdè Ìjẹ̀ṣà, ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, ìyá ní òyìnbó òun ti dé. Ó ní kí Fèyíkẹ́ jókòó. Ó béèrè ibi tí ìwé dé.

Fèyíkẹ́ ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé e lórí, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi ọṣẹ. Ó ní ìwé náà á gbè é, ó ní kò ní í ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Ìgbà tó ṣe àmín tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kò sí orúkọ mi níbẹ̀, àbí?"

"Rárá, Màmá."

Ìyá kí i pé ó ṣeun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa ọmọ lára.

Mo bi Fèyíkẹ́ pé ṣebí ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ló dé tí kò yọ orúkọ náà nígbà tó délé. Ó ní òun ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun rí orúkọ ìyá láàárín àwọn òǹkọ̀wé ńlá, kọ́mà wà níbi tó yẹ, ọdún wà nínú àkámọ́, gbogbo rẹ̀ bá ìlànà tuntun mu régé. Ó ní ó wu òun. Ó fi ìwé sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìyá Micah wá síbi ìgboyè. Láolú ló fi mọ́tò gbé e wá. Ó jókòó láàárín àwọn òbí tó wọ kóòtù, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè nígbà tí wọ́n pe Fèyíkẹ́. Fọ́tò wà níbi tí ó ti di Ọ̀mọ̀wé tuntun náà mọ́ra. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, kì í hàn nínú fọ́tò.

Ohun tí Fèyíkẹ́ kò rò ni pé yunifásítì máa ń gbé ìwé gbogbo ọ̀mọ̀wé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ní láti ka ìwé náà tán. Ẹni tó bá kàn tẹ Turffontein àti ọ̀rọ̀ ìbímọ sínú fóònù, ojú ewé tó ń wá ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró sẹ́nu géètì kílíníìkì ló rí i. Ó ya ojú ewé náà, orúkọ, àdúgbò, ọdún, iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ, ó sì pín in kiri orí WhatsApp. Wọ́n ní ẹ wá wò ó, àwọn àlejò ti dá ọsibítù tiwọn sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń fi oyè ọ̀mọ̀wé yangàn lé e lórí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti dé etígbọ̀ọ́ ìjọba.

Ọjọ́ tí wọ́n wá mú ìyá, Fasilat ni ó ń rọbí lọ́wọ́ nínú yàrá. Ìyàwó Toheeb ni, èyí tó ń ta fóònù láàárín ìlú. Ìyá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ọmọ náà tán, kí wọ́n wá mú òun lọ síbi tó bá wù wọ́n. Wọ́n ní ańbúláǹsì ń bọ̀. Ańbúláǹsì kò tètè dé. Ọmọ náà kò sunkún nígbà tó jáde.

Ìjọ tí ìyá ń lọ dárò, wọ́n gbààwẹ̀, gbogbo ènìyàn ń béèrè ẹni tó tú àṣírí. Wọ́n fura sí obìnrin ará Malawi yẹn. Wọ́n fura sí onílé. Fèyíkẹ́ wà láàárín wọn níbi àdúrà, ó ń ṣe àmín.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ẹ́sítéètì pè pé àlejò kan ń bọ̀. Micah ni. Láolú ní kó jókòó, kò jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí Láolú, ó ní kó bá òun ka ohun tó wà níbẹ̀.

Láolú kà á sókè. Ó ka orúkọ ìyá, ó ka Turffontein, ó ka ọdún. Ó wá dé òkè ojú ewé, níbi tí orúkọ ẹni tó kọ ìwé wà, ohùn rẹ̀ dúró.

"O sọ fún mi pé o ti bi wọ́n," ló wí.

Fèyíkẹ́ ní òun fẹ́ sọ pé ìlànà ló yí padà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu òun, òun wá gbọ́ bí yóò ṣe dún létí Micah, òun sì gbé e mì.

"Àǹtí Fèyí, mi ò wá bá yín jà," ni Micah wí. "Màmi ní kí n má dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ yín, kí àwọn èèyàn má lọ fi í ṣẹ̀sín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi mọ̀."

Ó gba fóònù rẹ̀, ó sì lọ. Láolú dúró lójú kan náà títí oúnjẹ fi tutù lórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, ó ń bá Fèyíkẹ́ sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, epo mọ́tò, ohun tí wọ́n máa jẹ. Kò bá a sọ ohun mìíràn mọ́.

Fèyíkẹ́ lọ rí ìyá ní àgọ́ tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sí. Ó ti rù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé. Fèyíkẹ́ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lójú àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sunkún, ó ro ẹjọ́: ìlànà tuntun, ìgbìmọ̀, iṣẹ́, pámíìtì. Ó ní òun rò pé ọlá ni òun fi bù wọ́n. Ìyá jẹ́ kó rò ó tán.

"Mo ní ijọ́ tí mo bá kú," ni ìyá wí. "Ṣé mo ti kú ni, Fèyíkẹ́?"

Kò pariwo. Ó fà á dìde, ó ní kó lọ sílé kí alẹ́ tó lẹ́, kó bá òun kí Ọ̀rẹ́olúwa. Wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí.

Fèyíkẹ́ kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n yọ orúkọ náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, wọ́n bò ó nínú èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Àwọn olùwádìí mìíràn ti ka orí ìwé náà, wọ́n ti tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn, ìwé àwọn náà sì ti bí ìwé mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ń wá a kiri. Gbogbo ibi tó bá ti rí orúkọ ìyá, kọ́mà àti àkámọ́ rẹ̀ pé. Àṣìṣe kankan kò sí níbẹ̀ tó lè fi bẹ̀ wọ́n.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un níṣẹ́ pátápátá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ohun tí wọ́n yàn fún un ni kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ìlànà ìtọ́kasí. Ó ń kọ́ wọn.

Ó pàdé Fasilat lẹ́nu ìsọ̀ kan láàárín ìlú. Fasilat kò mọ nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó pè é ní Ọ̀mọ̀wé, ó ní kó bá òun gbàdúrà kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò. Fèyíkẹ́ gbàdúrà náà. Kí ló tún lè ṣe?

Mo bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mú níbẹ̀, torí ohun tí a máa ń bi gbogbo wọn nìyẹn. Ó ní bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí yín lọ́wọ́, kí ẹ gbé e dé ibi tó ní kí ẹ gbé e dé, kí ẹ má gé orí rẹ̀, kí ẹ má gé ìdí rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò fún òun mọ́. Mo retí pé kó sọ pé ìyá ti dárí jì í. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Micah tún bá a sọ láti ọjọ́ náà. Ohùn ni ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan tí Fèyíkẹ́ ń múra láti wọ kíláàsì. Fèyíkẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún mi kí èmi náà gbọ́. Kò gùn, ohùn náà kò sì le.

"Àǹtí Fèyí, Màmi kú ní Iléṣà lánàá. Ẹ lè wá kọ orúkọ wọn báyìí."